Ọkọ̀ ojú omi tí mo fẹ́ máa fi gbafẹ́, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ l'Óǹdó: Alágbàka àbí NIWA?

Ará_Ìjàpọ̀
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i kí n tó sanwó. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà l'Ékòó tí wọ́n fẹ́ tà fún mi, fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 18, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ènjìnì Yamaha 40 ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi kó èrò o, èmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ la fẹ́ máa fi gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, ká gbé e lọ sí Ìgbókòdá, ká wọ omi, ká fi ìwọ̀ dẹ ẹja díẹ̀, ká padà sí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti ń kà á kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí mò ń rí ni pé ìpínlẹ̀ lèèyàn ti ń forúkọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ sílẹ̀, pé ìpínlẹ̀ ló ń fún un ní nọ́ńbà. Mo wá ń rò ó pé ṣé kí n kọrí sí Alágbàka ni, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà l'Ákùúrẹ́ níbí, kí n béèrè níbi tí a ti ń ṣe pátíkúlà mọ́tò? Ẹnìkan ní ọ̀dọ̀ NIWA ni, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà omi, ẹlòmíì ní kò sẹ́ni tó ń bi ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ̀rọ̀, owó kékeré kọ́ ni mo fẹ́ ná yìí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dá mi dúró lórí omi pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Ọ̀gá_Gáráàjì
Ẹ má da ara yín láàmú jàre. Èmi ti dé Ìgbókòdá dáadáa, ọkọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀ ni ò ní nọ́ńbà kankan lára, wọ́n sì ń rìn lójoojúmọ́. Ẹ ra ọkọ̀ yín kí ẹ máa gbádùn ara yín, ìwé yẹn, àwọn tó ń kó èrò ló wà fún.

Ẹlẹ́ja_Ìgbókòdá
Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, mi ò lè bá yín gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, orí omi ni mo ti ń jẹun. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pákó àti ọkọ̀ àjẹ̀ àwọn bàbá wa ò ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ojú mọ̀ wọ́n. Bí ọkọ̀ kan bá sọnù láàrin wa, kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná wọ́n á ti mọ ilé tó ti jáde, ẹni tó kàn án, àti ẹni tó gbé e kẹ́yìn. Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ ò ní ojú tó mọ̀ ọ́n níbí. Tí ẹ bá wọ omi tán tí ènjìnì kú mọ́ yín lọ́wọ́, tí omi wá gbé yín wọ ẹ̀ka odò míì, ta ló fẹ́ mọ̀ pé èèyàn kan ò tíì padà?

Ẹ̀kejì ni ti olè. Àwọn olè orí omi wà, ènjìnì ni wọ́n sì ń wá ju ohunkóhun lọ, wọ́n á tú u lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á fi ẹ̀yin àti ọkọ̀ sílẹ̀ láàrin odò. Tí Ọlọ́run bá ṣe é tí wọ́n rí ènjìnì yẹn gbà padà, ẹni tí serial nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí ìwé tí ìjọba lù ní òǹtẹ̀ ló lè nàka sí i pé tèmi rèé, àwọn yòókù á kàn máa pariwo ni. Ọ́fíìsì NIWA wà n'Ígbókòdá níbí, ẹ ò ní láti lọ sí Lọ́kọ́ja tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ẹ lọ bá wọn.

Lọ́yà_Arákàlẹ̀
Ẹlẹ́ja ti sọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n gbé e gba ojú òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní àkójọ àwọn nǹkan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ wo nọ́ńbà 36 níbẹ̀. Ìrìnnà ọkọ̀ lórí omi tí òkun ń ru wọ̀, lórí odò Ọya àtàwọn odò tó ń ṣàn sínú ẹ̀, àti lórí omi yòówù tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá ti kà sí omi tó ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíì, Àbújá ló ni gbogbo ẹ̀.

Òfin tó dá NIWA sílẹ̀ ní 1997 wá to àwọn omi yẹn lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn ìwé. Ọ̀nà omi kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ wa mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti Badagry, ó gba Èkó, ó gba Ẹ̀pẹ́, ó gba ọ̀sà Lẹ́kìí dé Ìwopin, ó wá wọlé sọ́dọ̀ wa: Àtìjẹ́rẹ́, Akata, Aboto, odò Olúwa títí dé Òkìtìpupa, ó tún lọ sí Gbẹ́kẹ̀bọ̀ àti Àrògbò, kó tó já sí ọ̀nà Warri. Ibi tí ẹ sọ pé ẹ ti fẹ́ lọ gbafẹ́ gan-an nìyẹn. Torí náà tí ẹ bá lọ sí ọ́fíìsì pátíkúlà ní Alágbàka, wọ́n á kàn wo yín lójú ni. Ohun tó kàn wọ́n ò ju tíréílà kékeré tí ẹ máa fi fa ọkọ̀ náà lójú títì, ẹ béèrè ti ìyẹn lọ́wọ́ wọn, torí ọ̀rọ̀ ojú títì nìyẹn.

Òfin yẹn ò sì wò ó bóyá o kó èrò tàbí o ò kó o. Ọkọ̀ ni ọkọ̀.

Bàbá_Tíṣà
Ẹ kú làálàá o ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ Lọ́yà, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, mo sì mọ̀ pé bí òfin ṣe rí nìyẹn, àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Ta ló mọ Ìgbókòdá, ta ló mọ Ùgbò, ta ló mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí iyanrìn ti gbára jọ? Àwọn tó wà nítòsí ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni àwọn èèyàn ń ké sí tí ọkọ̀ bá dànù, ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń ké sí lórí Ayétòrò tí òkun ń jẹ láti ọdún gbọ́n-gbọ́n-ọ́n, ìlú tí àwọn èèyàn fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ dó ní 1947. Kí ló dé tó jẹ́ pé ká forúkọ ọkọ̀ kan sílẹ̀ báyìí a ò lè ṣe é lábẹ́ ìpínlẹ̀ wa? Èkó ò gbà, Èkó dá tiwọn sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Lọ́yà_Arákàlẹ̀
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ Èkó yẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú gbogbo wa là. Èkó ní òfin tiwọn, wọ́n sì dá LASWA sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ wọn. NIWA ń gba owó, LASWA ń gba owó, lórí omi kan náà, lọ́wọ́ èèyàn kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa yanrìn nínú omi ló wá lọ sí kọ́ọ̀tù pé ẹ sọ fún wa, ta ló ni wá? Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní 2017, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn yí i dà, wọ́n ní Èkó ló ni omi tí kò bá jáde kúrò l'Ékòó. Ẹjọ́ dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2024 wọ́n dá a pé NIWA àti NIMASA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọkọ̀ ojú òkun, ló ni àṣẹ. Ibẹ̀ ló parí sí, kò tún sí kọ́ọ̀tù tó ju ìyẹn lọ.

Bàbá, ohun tí ẹ sọ nípa ẹni tó wà nítòsí yẹn, èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin la fi ń yí òfin padà. Ní báyìí tí òfin ṣì wà bó ṣe wà, ẹni tó bá ní kí Ará_Ìjàpọ̀ san owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi fún òun lórúkọ ìpínlẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún pé lábẹ́ òfin wo, kó sì gba ìdáhùn ní kíkọ.

Texas_Ọmọ_Oǹdó
Mo kí yín láti Houston. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ bọ̀dá Ará_Ìjàpọ̀ lójú, ohun tí ẹ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ni. Níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1958 ló gbé iṣẹ́ fífún ọkọ̀ ní nọ́ńbà fún àwọn ìpínlẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé tí ẹ ń kà ṣe ń sọ ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀. Ní Texas ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọgbà ìgbafẹ́ àti ẹranko igbó ló ń ṣe é, ọdún méjì ni ìforúkọsílẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, kódà wọ́n ń fún ènjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ìwé ìní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́tà méjì ti ìpínlẹ̀ ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà, TX fún àwa, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú ọkọ̀, lẹ́tà ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kéré sí íǹṣì mẹ́ta. Tí ọkọ̀ bá ti wá sọ́dọ̀ yín, nọ́ńbà yẹn ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ ṣí i kúrò, kó má di pé ẹ̀ ń gbé nọ́ńbà ẹlòmíì kiri.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà tó ń bá ọkọ̀ lọ sí ibikíbi tó bá lọ, HIN ni wọ́n ń pè é, láti 1972 ni gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe níbí ti ń ní in. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń gbé ènjìnì kọ́, lápá ọ̀tún, lókè téńté, wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é, márùn-ún tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn gan-an, lẹ́yìn náà lẹ́tà kan fún oṣù tí wọ́n ṣe é, A ni January, L ni December, nọ́ńbà kan fún ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn sì ni ọdún model. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kà á fún yín. Kó tó kan NIWA, kó tó kan ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ará_Ìjàpọ̀
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ibẹ̀ fún mi. Mo ń retí ẹ̀.

Màmá_Ìbejì_ỌbaIlé
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìwé o, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń kà á, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló wà lọ́kàn mi. Bọ̀dá Ará_Ìjàpọ̀, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Mo máa ń rí àwọn èèyàn tó ń wọ ọkọ̀, wọ́n á so láífù jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà mọ́ ọmọdé lára, ó á kàn ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn ẹ̀, tọ́mọ yẹn bá já sómi jákẹ́ẹ̀tì á lọ sókè, ọmọ á gba abẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé tí wọ́n fẹ́ gbà yìí máa ń wo ìyẹn? Ṣé ẹnikẹ́ni máa ń yẹ jákẹ́ẹ̀tì wò kí wọ́n tó fún yín ní nọ́ńbà?

Lọ́yà_Arákàlẹ̀
Àǹtí, òfin ìrìnnà ojú omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2023 fi dandan lé láífù jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, ó sì ní ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ rìn lálẹ́. Abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi ni NIWA wà báyìí, 2023 náà ni wọ́n dá a sílẹ̀, Oyètọ́lá tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe mínísítà níbẹ̀. Àmọ́ òfin ò mọ iye kílò ọmọ yín. Ẹ̀yin lẹ máa rà á bó ṣe bá a mu.

Texas_Ọmọ_Oǹdó
Àǹtí Màmá Ìbejì, ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ. Níbí, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ sára ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 26 bá ń rìn, kì í ṣe kó wà lábẹ́ àga. Inú jákẹ́ẹ̀tì gidi, wọ́n kọ ìwúwo ẹni tó wà fún síbẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ so gbogbo okùn ẹ̀, ẹ dì í mú léjìká jákẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sókè. Tí etí ọmọ bá wọnú ẹ̀ lọ, ó ti tóbi jù.

Nǹkan kejì ni okùn kan tó máa ń so mọ́ ènjìnì, wọ́n ń fi í kọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀. Tó bá já sómi, okùn yẹn á fa ènjìnì kú lójú ẹsẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2021 ó ti di òfin níbí pé kéèyàn so ó mọ́ra nínú ọkọ̀ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ yín, okùn yẹn ti sọnù, wọ́n á fi wáyà so ibẹ̀ pa kí ènjìnì lè máa ṣiṣẹ́. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó ń wà á, yíyí ló máa ń yí po, á sì padà wá bá ẹni tó já sómi.

Ẹlẹ́ja_Ìgbókòdá
Ọ̀rọ̀ okùn yẹn, Ọlọ́run á bùkún fún yín. Mo mọ ohun tó ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti omi wa kún un. Ẹ má rò pé nítorí ọkọ̀ yín ń sáré, ẹ mọ omi. Koríko ojú omi tó gba ọ̀nà Badagry wọ Nàìjíríà ní 1984 ti dé gbogbo ẹ̀ka odò wa, nígbà míì á bo odò láti etí dé etí, ẹ lè wò ó bíi pápá. Tó bá wé mọ́ ènjìnì, ènjìnì á gbóná, á kú. Ẹ máa gbé àjẹ̀ méjì dání, ọkọ̀ yòówù tí ì báà jẹ́, ẹ má wọ omi láìsí àjẹ̀. Ní ìhà Ayétòrò lọ́hùn-ún, ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀ ti wà lábẹ́ omi báyìí, òpó ilé ṣì ń bẹ nísàlẹ̀, ẹni tí kò mọ ibẹ̀ á fi ìdí ọkọ̀ lù ú. Ẹ má sì jáde sí ojú òkun pẹ̀lú fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 18. Inú odò àti ọ̀sà ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí òkun gan-an, ọkọ̀ míì ni ìyẹn, ilé iṣẹ́ míì, NIMASA, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì kàn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fẹ́ wọ omi, ẹ gba ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà, ẹ fún un lówó, kó jókòó síwájú.

Gbénró_FUTA
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ò kúkú lo Ọ̀wẹnà? Ìtòsí Àkúrẹ́ ni, kò sí òkun, kò sí olè, kò sí pé à ń gba Òrè àti Òkìtìpupa lọ. Omi ibẹ̀ pọ̀, ó sì rọlẹ̀. Ṣé NIWA náà ló ni ìyẹn?

Lọ́yà_Arákàlẹ̀
Ọ̀wẹnà ò sí lára ọ̀nà omi tí mo kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ dáàmù nìyẹn, omi tí wọ́n gbára jọ káwọn ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Epo bẹtiróòlù àti ọ́ìlì ènjìnì sínú omi tí àwọn èèyàn ń mu? Rárá o. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀, ẹni tó ni dáàmù ló máa kọ́kọ́ fún yín láyè, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó fún yín.

Ará_Ìjàpọ̀
Ẹ kú sùúrù o. Fọ́tò ti dé. Mo jókòó mo kà á bí bọ̀dá Texas ṣe kọ́ mi. Ìparí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni E708. Tí mo bá kà á dáadáa, oṣù karùn-ún 2007 ni wọ́n ṣe é, model 2008. Ìwé tí ẹni tó ń tà á fi ránṣẹ́ sí mi kọ 2016 gbàgàdà síbẹ̀. Èyí tó tún wá bà mí nínú jẹ́ ni pé nínú nọ́ńbà márùn-ún àárín, ibi tí ara ọkọ̀ ti ní 1, ìwé ní 7. Mo bi í, ó ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣìkọ. Mo ní kó fi ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù hàn mí, ó ní ó wà lọ́wọ́ àjẹ́ntì, pé àjẹ́ntì yẹn náà lè bá mi gba nọ́ńbà NIWA láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ọkọ̀ náà, kí n ṣáà fi owó kún un. Ìyàwó mi ní ká jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Texas_Ọmọ_Oǹdó
Ìyàwó yín ti sọ̀rọ̀. Ti ọdún, irọ́ nítorí owó nìyẹn, àmọ́ nọ́ńbà tó yàtọ̀ lára ọkọ̀ sí ti ìwé, wàhálà míì ni. Ó lè jẹ́ àṣìkọ lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ìwé ọkọ̀ míì ni wọ́n fi bo ọkọ̀ yìí. Láti 1984 ni òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ gbẹ́ nọ́ńbà yẹn kan náà sí ibòmíì tó fara sin nínú ọkọ̀, tí ẹ bá ní ẹni tó lè lọ wò ó l'Ékòó kó wá a jáde. Kí ẹni tó ń tà á sì mú ìwé ìní tí ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fún ẹni tó kọ́kọ́ ni ín wá. Tí kò bá ní in, tí kò sì ní ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù, kí lẹ fẹ́ gbé lọ bá NIWA?

Ọ̀gá_Gáráàjì
Àìsí ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù yìí, ibi tí èmi náà ti máa sọ pé ẹ dúró nìyí. Mo mọ ọ̀nà Ṣàgámù sí Òrè bí mo ṣe mọ ilé mi. Ọkọ̀ ojú omi lórí tíréílà, kò sí bó ṣe máa kọjá tí wọn ò ní béèrè ìwé ẹ̀, tí wọ́n bá sì gbé e, ẹ ò ní rí i mọ́.

Bàbá_Tíṣà
Ọmọ mi, jẹ́ kó lọ. Ti àjẹ́ntì tó fẹ́ gba nọ́ńbà láìsí ẹni tó rí ọkọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò ni gbogbo ìdí tí a fi ń forúkọ sílẹ̀! Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fọwọ́ kan ìdí ọkọ̀, kó wò ó bóyá ó ń jò, kó mọ iye èèyàn tó lè gbé. Tí wọ́n bá ta ìwé yẹn fún ọ láìwo ọkọ̀, wọ́n ti ta ẹ̀mí ìyàwó àti ọmọ rẹ. O ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ rà á.

Ẹlẹ́ja_Ìgbókòdá
Ará_Ìjàpọ̀, kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀? Àwọn tó ń ṣe fáíbà wà n'Ígbókòdá níbí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni gbogbo wa ń wọ̀ lọ sí Ùgbòńlá, lọ sí Àrògbò. Ẹ máa dúró tì í tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ máa rí iye ìpele fáíbà tí wọ́n tẹ́, ẹ máa rí igi tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n á ṣe é bí omi wa ṣe fẹ́ ẹ, ìdí ẹ̀ ò ní jìn jù, torí ẹ̀ka odò wa kan wà tí omi ò tó nǹkan nínú ẹ̀ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá bàjẹ́, ẹ mọ ilé ẹni tó ṣe é. Ẹ lè ra ènjìnì tuntun lọ́tọ̀ pẹ̀lú risíìtì tiẹ̀. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ NIWA, ẹ ò ní máa wá ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù ọkọ̀ kiri, àti ẹni tó ṣe é, àti ọkọ̀, àti ọ́fíìsì, ìlú kan náà ni gbogbo wọn wà. Kí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò rìn wá sétí odò, kó wò ó nínú omi.

Ará_Ìjàpọ̀
Ẹ wò ó, n ò ronú débẹ̀ yẹn rárá, ó sì wọ̀ mí lára. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ti Èkó pé mi ò rà á mọ́. Àǹtí Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ lọ, kí ni kó kọ sínú risíìtì tí kò fi ní sí wàhálà? Mo mọ̀ pé risíìtì tiwa máa ń jẹ́ "ọkọ̀ kan, owó báyìí", ó parí.

Lọ́yà_Arákàlẹ̀
Kó má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Kó kọ orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, orúkọ yín bó ṣe wà lórí NIN yín, kó kọ gígùn ọkọ̀, fífẹ̀ ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, pé fáíbà ni, iye èèyàn tó ṣe é fún, bí ènjìnì tó lè gbé ṣe lágbára tó, àti ọjọ́ tó parí ẹ̀. Kó gbẹ́ nọ́ńbà kan sára ọkọ̀ fúnra ẹ̀, lẹ́yìn, níbi tí kò ti lè tètè pa rẹ́, kó kọ nọ́ńbà yẹn kan náà sínú risíìtì. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i. Risíìtì ènjìnì gbọ́dọ̀ ní serial nọ́ńbà, ẹ fi ojú ara yín bá ti ara ènjìnì wé e kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìṣúráǹsì náà. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NIWA fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ bi wọ́n iye tó jẹ́ níbẹ̀, owó tí ẹ bá sì san, ẹ gba risíìtì ìjọba. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sílé, ẹ fi òmíì sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kó máa wà nínú ọkọ̀.

Màmá_Ìbejì_ỌbaIlé
Kí ẹ sì kó àwọn ọmọ dání lọ ra jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò níbẹ̀.

Ará_Ìjàpọ̀
Màá kó wọn lọ mà. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Bọ̀dá Ẹlẹ́ja, mo ti fi nọ́ńbà fóònù mi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Tí ẹ bá lè bá mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe fáíbà lọ́jọ́ Sátidé, màá tètè gbéra ní Àkúrẹ́, ká lè tètè débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹlẹ́ja_Ìgbókòdá
Mo ti rí i. Ẹ pè mí tí ẹ bá ti kọjá Òkìtìpupa, màá dúró dè yín ní èbúté.